Aládàáni àti ìjọba: ṣé ife kan náà ló yẹ kí wọ́n jọ máa du?

Ọmọ Ìbàdàn ní Chicago: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí tó wà ní Illinois. Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ àdúgbò nìkan ni wọ́n lè gbà, àmọ́ àwọn aládàáni lè gba ọmọ tó ń gbé ní 30 máìlì síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ife kan náà ni wọ́n jọ ń du. Láti 2005 ni IHSA tó ń ṣètò ìdíje ti ń fi 1.65 sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ilé-ìwé tí kò ní ààlà àdúgbò di púpọ̀: ẹni tó ní 600, wọ́n á kà á sí 990, kó lè bọ́ sáàárín àwọn ńlá. Ṣé ìyẹn tó, àbí kí wọ́n ya ife wọn sọ́tọ̀ bíi ti New Jersey?

Àdìsá Agége: Bọ́ọ̀lù wo nìyẹn? Èyí tí wọ́n ń há sábíyá sá kiri? 😂

Ìyá Ìbejì Aurora: Kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. 1.65 kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa 400 ọmọ sàn ju ẹni tó gba 2,000 bí wọ́n ṣe wá.

Baba Fúnmi: Ìyá Ìbejì, ẹ wo East St. Louis. Ìlú tálákà, ilé-ìwé ìjọba, ife kún ilé wọn. Ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ìyá Ìbejì Aurora: East St. Louis yìí náà lẹ máa ń fà yọ. Mount Carmel, ilé-ìwé aládàáni tí Donovan McNabb, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti jáde ńkọ́? 2022, wọ́n gba ife. 2023, wọ́n gbà á. 2024, wọ́n tún gbà á!

Kúnlé Joliet: 30 máìlì kẹ̀? Ẹni tó sọ ọ́ ò tíì wakọ̀ ní ọ̀nà I-55 láàárọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ la ti ń jáde nílé lọ sí sùkúù aládàáni ọmọ mi. Ọmọ á ti sùn lọ lẹ́yìn, akoto rẹ̀ lórí itan, òógùn aṣọ àná á gba gbogbo inú mọ́tò. Kò sí kóòṣì tó wá fà á lọ, èmi ni mò ń gbé e lọ.

Baba Fúnmi: @Kúnlé Ọlọ́run á fún yín lókun. Èmi náà, iṣẹ́ òru ni mo fi ń san owó sùkúù. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní arẹ́nijẹ.

Ìyá Ìbejì Aurora: Ta ló pè yín? Ọmọ kan ń bá Táíwò mi gbá bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ilé-ìwé aládàáni kan dá bàbá rẹ̀ dúró níbi tí wọ́n páàkì sí. Kí ọlidé tó parí, aṣọ tiwọn lọmọ ń wọ̀.

Baba Fúnmi: IHSA fòfin de kóòṣì tó bá ń fa ọmọ kiri. Ṣé ẹ fẹjọ́ sùn?

Ìyá Ìbejì Aurora: Kí n lọ kó bá ọmọ ọlọ́mọ?

Baba Fúnmi: Ẹ ò lẹ́rìí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Aurora: Ojú mi ló ṣe! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́ òru, kí lẹ rí?

Baba Fúnmi: Ẹ má dárúkọ iṣẹ́ mi mọ́ o. Mo ju yín lọ.

Ṣadé Houston: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣe sùúrù. Ní Texas, ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣètò ìdíje: UIL ni ti ilé-ìwé ìjọba, aládàáni pọ̀ jù ní TAPPS. Aládàáni méjì, Strake Jesuit àti Dallas Jesuit, ló wà láàárín ti ìjọba, wọn ò sì jẹ gàba lé ẹnikẹ́ni lórí. Ìjọba ibí náà lówó: pápá bọ́ọ̀lù tí ilé-ìwé ìjọba ìlú Allen ṣí ní 2012, 60 mílíọ̀nù dọ́là ni.

Àdìsá Agége: 60 mílíọ̀nù dọ́là fún sùkúù girama! Òkúta méjì la fi ṣe gọ́ọ̀lù tiwa.

Finbarr's Títí Láé: Fada Slattery ló dá tiwa, St. Finbarr's, sílẹ̀ l'Akọka, a sì ń na ti ìjọba nínú Principals Cup, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé girama. Ọ̀dọ̀ wa ni Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n yà wá sọ́tọ̀.

Gregs Ọ̀bàlẹ́ndé: Irọ́! Nígbà Keshi, ìjọba ti gba ilé-ìwé yín. 2001 ni wọ́n tó dá a padà. Ilé-ìwé ìjọba lẹ fi ń yangàn.

Finbarr's Títí Láé: Ìjọba gba ilé, wọn ò gba bọ́ọ̀lù. Àwọn tí Fada kọ́ ló ṣì ń kọ́ni. Ilara ló ń da ẹ̀yin Gregs, ọmọ St. Gregory's, láàmú.

Àdìsá Agége: Èyí gan-an ni bọ́ọ̀lù. Ẹ máa bá a lọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Chicago: Ẹ jọ̀ọ́, 1.65 ni mo bi yín.

Ìyá Ìbejì Aurora: KÍ WỌ́N YÀ WỌ́N SỌ́TỌ̀!!!

Baba Fúnmi: Ẹ̀rí dà?

Gregs Ọ̀bàlẹ́ndé: @Finbarr's Ilara kẹ̀? 1928 ni wọ́n ti dá tiwa sílẹ̀. Ẹ̀yin dà nígbà yẹn?