Aago Ìṣẹ́jú Méjì Kì Í Dúró De Ìkíni

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa jókòó sẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí obìnrin mẹ́fà tó fẹ́ dupò òṣèlú ti ń dán ara wọn wò fún ìjiyàn ìta gbangba. Fóònù ni aago wọn, ike omi ni máìkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí lẹ máa ṣe sí gọ́tà tó ń da omi wọlé àwọn èèyàn ládùúgbò yín? Ìṣẹ́jú méjì péré.

Màmá tó kọ́kọ́ dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kí àwọn bàbá, ó kí àwọn ìyá, ó kí àwọn ọ̀dọ́, ó tún kí alága ẹgbẹ́ tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Kó tó kan gọ́tà, fóònù ti ké. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rín in. Nígbà tó tún un ṣe, gọ́tà ló fi bẹ̀rẹ̀: ó dárúkọ òpópónà, ó ka ilé tí omi wọ̀, ó sọ ẹni tó yẹ kó wá kó ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ó parí kí aago tó dún. Gbogbo rẹ̀ ò gba wákàtí kan.

Ohun tí à ń sọ ò ju èyí lọ: ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá ta fọ́ọ̀mù fún obìnrin, kó sanwó irú ìdánrawò yìí fún un kí ìpolongo tó gbóná. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń dín owó fọ́ọ̀mù kù fún obìnrin, wọ́n á sì pariwo rẹ̀ kiri. Ó dáa. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kì í dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifíṣàn.

Ẹni tó bá ní obìnrin Èkó ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, kó lọ bi ọjà Ẹrẹ́kò. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja tí kò kàwé, ló ṣáájú àwọn ọlọ́jà láti fẹ̀hónú hàn lọ́dún 1940 nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ. Ìjọba wá gbé iye náà sókè sí £200. Ẹnu ò wọ́n wa láti ìgbà náà. Aago ni a ò tíì mọ̀ ọ́n lò.

Láti 2007 di 2019, obìnrin mẹ́ta ló jẹ igbákejì gómìnà Èkó tẹ̀ léra: Sarah Sosan, Adejoke Orelope-Adefulire àti Idiat Adebule. Títí di òní, kò tíì sí obìnrin tí a dìbò yàn ṣe gómìnà ní ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Ọ̀gá ni wọ́n sì sábà máa ń pè síbi ìjiyàn, igbákejì a jókòó níwájú, a máa pàtẹ́wọ́. Ní January 2019, Oby Ezekwesili nìkan ni obìnrin lórí pèpéle ìjiyàn àwọn tó ń du ipò ààrẹ ní Àbújá. Ó ti ṣe mínísítà, ó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, ó ti sọ̀rọ̀ láwùjọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Níbo ni ìyá tó fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ ní Mùṣín ti máa rí irú ìyẹn?

Ó kan àwọn tó ń ṣètò ìjiyàn náà. Atọ́kùn tó bá bi obìnrin pé ta ló máa máa dáná sílé, kó bi ọkùnrin pẹ̀lú. Tí alátakò bá ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n pa máìkì onítọ̀hún.

Èyí tó le jù ni ti àgbà. Alátakò tó tó bàbá rẹ̀ á pè é ní “ọmọ mi” lójú gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ á sì há sí i lẹ́nu. Èrò tiwa ni pé kó kúnlẹ̀ kí bàbá dáadáa kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Tí aago bá ti bẹ̀rẹ̀, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n parí” kì í ṣe àfojúdi. Ẹnu ẹni la sáà fi ń kọ mé-è-jẹ.

Ẹnì kan ló yá àwọn obìnrin yẹn ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di aago márùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n dìde, àwọn ọmọ lẹ́sìnnì fẹ́ wọlé. Mẹ́ta nínú wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè kankan.