Ta ló ní igbó lásán ni Amazon kí òyìnbó tó dé?

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnì kan tún gbé e jáde lánàá pé kí òyìnbó tó dé, igbó kìjikìji ni gbogbo Amazon, ìyẹn agbègbè odò ńlá Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, pé àwọn tó ń gbébẹ̀ ò mọ̀ ju kí wọ́n máa ta ọfà lu ọ̀bọ lọ, wọn ò dáko, wọn ò tẹ ìlú dó. Bóyá ó tiẹ̀ mu gààrí kó tó kọ ọ́ o!

Àwọn ará Amazon yẹn náà ló sọ ẹ̀gẹ́ inú igbó di ohun ọ̀gbìn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn Potogí tó gbé e wá sí Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ tó korò, májèlé ni. Ìdí agbada gààrí ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ ó bó o, ẹ ó rin ín, ẹ ó fún omi ẹ̀ dànù kó tó kan yíyan, ìyá mi kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́ omi tó ń ro lára àpò yẹn rárá. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe é tipẹ́, àpò gígùn tí wọ́n fọwọ́ hun ni wọ́n fi ń fún tiwọn, àwo amọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń yan án. Ṣé òpè ló ronú ìyẹn?

Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Òjò ti fọ ọ̀rá ibi tó pọ̀ nínú ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn ilẹ̀ dúdú kan wà tí èédú, eegun ẹja àti àpáàdì kún inú ẹ̀, èèyàn ló ṣe é, àwọn àgbẹ̀ Brazil ṣì ń gbin nǹkan sí i dòní.

Wọ́n á ní òkúta ilé wọn dà. Amọ̀ àti igi ni wọ́n fi ń kọ́lé! Lọ́dún 2022, ẹ̀rọ lísà tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfurufú fi òkìtì ńlá, títì àti ipa odò àtọwọ́dá hàn lábẹ́ igbó ní apá Amazon tó wà ní Bolivia, iṣẹ́ àwọn Casarabe, àwọn tó ń gbébẹ̀ nígbà náà, láàárín ọdún 500 sí 1400, wọn ò tíì bí Columbus.

Àlùfáà Carvajal, tó bá Orellana, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Sípéènì kan, wakọ̀ gba odò Amazon lọ́dún 1542, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ìlú ńláńlá, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ṣànpọ̀nná, èéyi àti àwọn tó ń kó wọn lẹ́rú ló tú ìlú wọ̀nyẹn ká, igbó wá bo oko. Iye tí àwọn èèyàn ibẹ̀ tó gan-an nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà lé e lórí, ó dáa, mo gbà.

Àwọn Kuikuro, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ibẹ̀, ṣì wà ní agbègbè odò Xingu ní Brazil, nítòsí àlàpà ìlú àwọn baba ńlá wọn, àwọn gan-an ló ń bá àwọn awalẹ̀pìtàn wá yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká.