Pirlo ló lórúkọ, Gattuso ló làágùn?

Àjàní Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Ítálì tó mọ bọ́ọ̀lù gbá láàárín pápá, Andrea Pirlo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń sáré fún un? Ta ló ń já bọ́ọ̀lù gbà kó tó dé ẹsẹ̀ ọ̀gá tí kì í làágùn? Gennaro Gattuso ni. Champions League 2003 àti 2007 ní Milan, Ife Àgbáyé 2006 pẹ̀lú Ítálì, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbà á. Ẹ yọ Gattuso kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tó kù fún mi. Ẹni tí ò bá gbà, kó wí tẹnu ẹ̀.

Baba Kékeré:
Àjàní tún ti dé. Ẹ wá àga jókòó o.

Sàlámì Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Mo wà lẹ́yìn Àjàní. Ṣé ẹ ti gbàgbé Park Ji-sung ni? Oṣù kẹta ọdún 2010, Manchester United àti Milan. Ferguson, kóòṣì United, kàn ní kí Park, ọmọ Korea yẹn, má fi Pirlo sílẹ̀, ibi tí Pirlo bá yà sí ni kó bá a yà sí. Ó parí. 4-0 ni wọ́n nà wọ́n ní Old Trafford, 7-2 tí a bá ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ẹnì kan ṣoṣo lè dè mọ́lẹ̀ báyẹn, ṣé òun lẹ fẹ́ fi jọba?

Ìyá Ìbejì:
Sàlámì, ṣé o gbọ́ nǹkan tó jáde lẹ́nu ara rẹ? Ferguson wo gbogbo Milan látòkè délẹ̀, Ronaldinho wà níbẹ̀ o, ó ní Pirlo ni kí wọ́n ṣọ́. Ta ni wọ́n ti rán lọ máa tẹ̀lé Gattuso kiri rí?

Àjàní Ọ̀yọ́:
Ìyá Ìbejì, ọlọ́pàá ni Gattuso. Ta ló ń ṣọ́ ọlọ́pàá?

Ìyá Ìbejì:
Ọlọ́pàá tó gbé Gerrard ti Liverpool ṣubú ní Istanbul, ní àṣekágbá Champions League 2005 ńkọ́? Milan ti gbá mẹ́ta wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Wọ́n padà dé, Liverpool dá méjì padà. Gerrard já wọ iwájú ilé, Gattuso gbá a mú láti ẹ̀yìn, rẹfirí fọn fèrè, pẹnáritì! Dida, aṣọ́lé Milan, lu ti Xabi Alonso padà, Alonso tún un gbá wọlé. 3-3. Kì í ṣe Pirlo ló fún wọn ní ìyẹn.

Sàlámì Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Ẹ parí ìtàn yẹn, mà. Nígbà tó wá di pé kí wọ́n máa gbá pẹnáritì síra wọn, ta ni Dudek, aṣọ́lé Liverpool, mú tiẹ̀? Pirlo wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó wà níbẹ̀. Shevchenko náà wà níbẹ̀, Serginho sì gbá tiẹ̀ gba òkè igi lọ. Mi ò pè é ní áńgẹ́lì.

Lákùnlé Lọ́ńdọ̀nù:
Tó bá jẹ́ ti pẹnáritì, ẹ má tíì lọ. Euro 2012, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Kyiv. Èmi wà nílé ọtí kan ní Peckham. Montolivo ti gbá tiẹ̀ síta, Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú, Joe Hart, aṣọ́lé Gẹ̀ẹ́sì, ń yọ ahọ́n sí wọn kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Pirlo rìn wá bíi pé ó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Hart ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkùnrin yìí kàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ bọ́ọ̀lù lábẹ́, ó gòkè pẹ̀lẹ́, ó bọ́ sáàárín ilé. Ẹni ọdún 33 ni o! Lẹ́yìn ìyẹn, Ashley Young gbá tiẹ̀ mọ́ igi, Buffon mú ti Ashley Cole. Gattuso kọ́, kò sí nínú ikọ̀ yẹn rárá.

Tíṣà Ọ̀fà:
Ẹ jẹ́ ká gba ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ Flero ni Pirlo, nítòsí Brescia, Brescia ló sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ju ẹni ọdún 16 lọ nígbà tó kọ́kọ́ wọ pápá ní Serie A, líìgì àgbà Ítálì. Ẹ̀yìn àwọn aṣíwájú ló ń gbá, níbi tí ẹni tó wọ nọ́ńbà 10 máa ń dúró. Inter rà á lọ́dún 1998, kò rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Wọ́n fi í yá Reggina, ó padà wá, kò sí àyè. Ní January 2001, wọ́n yá Brescia padà. Ìṣòro tó tún wá wà ni pé Roberto Baggio ló wà níbi tó ti mọ́ ọn lára, ta ló fẹ́ sọ fún Baggio pé kó sún? Ni Carlo Mazzone, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, bá fa Pirlo sẹ́yìn, ó fi í síwájú àwọn aṣọ́gbá, ó ní kó máa pín bọ́ọ̀lù látibẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ní Turin. Juventus ti gbá ẹyọ kan wọlé, eré ti ń parí lọ. Pirlo gba bọ́ọ̀lù nítòsí àárín pápá, ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó fi ránṣẹ́ gba orí gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Baggio ti ń sáré lọ, bọ́ọ̀lù ń já bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi gbà á náà ló fi yí Van der Sar, aṣọ́lé Juventus, po, ó tì í sílé òfìfo. 1-1. Milan ni Gattuso wà lọ́jọ́ yẹn. Àjàní, ta ló ń sáré fún Pirlo?

Àjàní Ọ̀yọ́:
Tíṣà, mo kí yín o. Bọ́ọ̀lù ẹyọ kan lẹ sọ yẹn, sà.

Tíṣà Ọ̀fà:
Ó dáa, jẹ́ ká kà á ní ọdọọdún. Milan jẹ́ kó lọ lófẹ̀ẹ́ lọ́dún 2011, wọ́n ní ó ti gbó. Juventus gbà á. Sáà àkọ́kọ́, eré 38, ẹnikẹ́ni ò na Juventus ní líìgì. Ó gba líìgì yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, ó sì gbé wọn dé àṣekágbá Champions League 2015. Gattuso jókòó sí Milan ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, Milan ṣe ipò kejì.

Sàlámì Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Tíṣà, ẹ má rẹ́ ẹ jẹ. Ojú ń dà á láàmú ní sáà yẹn, ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbá.

Àjàní Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣeun! Ní Juventus náà, ṣé òun nìkan ló dá wà láàárín? Vidal àti Marchisio ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé. Ibi yòówù kó lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tì í.

Adébímpé:
Ẹlẹ́sẹ̀ wo ló bá a ṣe ti Jámánì ní Ife Àgbáyé 2006? Ìṣẹ́jú 119, 0-0, Dortmund, Jámánì nílé ara wọn. Wọ́n gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù tú síta, Pirlo gbà á. Ẹlòmíì ìbá ti yìn ín. Ó ń fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn ará Jámánì ń tọ̀ ọ́, ó wá rọra fi sáàárín wọn láìwo ibẹ̀, Grosso fi ẹsẹ̀ òsì yí i wọlé. Òun náà ló kọ́kọ́ gbá a wọ ilé Ghana nínú ìdíje yẹn. Ghana là ń ṣe lọ́jọ́ náà o, inú bí mi dọ́ba.

Baba Kékeré:
Ẹ ò tíì sọ tọdún 2021. Pirlo ń kọ́ Juventus, Gattuso ń kọ́ Napoli. Ní January, Juventus na Napoli 2-0, wọ́n gba ife Supercoppa ti Ítálì. Ní May, ọjọ́ tí líìgì parí, ipò kẹrin ni wọ́n ń dù. Napoli gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Verona nílé, Juventus bọ́ sípò yẹn. Gattuso fi Napoli sílẹ̀. Juventus tó rí ipò gbà, wọ́n lé Pirlo náà!

Àjàní Ọ̀yọ́:
Baba Kékeré, agbábọ́ọ̀lù là ń sọ, má kó ti kóòṣì wọ̀ ọ́.

Tíṣà Ọ̀fà:
Agbábọ́ọ̀lù náà ni mo bi ọ́. Brescia, 2001. Ta ló ń sáré fún un?

Àjàní Ọ̀yọ́:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fi fóònù mi síná, sà.