Èèpo Igi Ọmọ Aṣẹ́gità

Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.

Ẹni tó bá ti bá aṣẹ́gità gbélé rí mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Igi ńláńlá ti lọ sọ́jà, èèpo ló kù sẹ́yìnkùlé. Ọmọ aṣẹ́gità kò ní í ta igi tán kó tún fowó ra igi tí yóò fi dáná. Èèpo tó já bọ́ nígbà tí wọ́n ń la igi ni yóò ṣà jọ, tí yóò sá sóòrùn, torí ó mọ̀ pé èèpo gbígbẹ a máa tètè ràn ju ìtì igi lọ. Ẹ kíyè sí i pé “náání” ni àwọn àgbà sọ. Ẹni tó náání nǹkan mọyì rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, kò sì ní í jẹ́ kó ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná nílé ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀, lórí oúnjẹ ìyálẹ̀ta ọjọ́ Sátidé. Ẹ mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ ò lọ iléèwé, gbogbo ilé pẹ́ lórí ibùsùn, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n fọṣọ, nígbà tí aago á fi lu 10, ebi ti mú tọmọdé tàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ àárọ̀ ti kọjá, tọ̀sán ò tíì tó. Àkókò yẹn gan-an lowó máa ń fò lọ lápò wa. A ó rán ọmọ kó lọ ra àkàrà, kó ra búrẹ́dì, kó ra ẹyin, bẹ́ẹ̀ iṣu àná wà nínú ìkòkò tí a ò ṣí ìdérí rẹ̀ wò.

Ojú ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa, mo sì rò pé ibi tí ìtìjú náà ti wá ni pé a da àjẹkù pọ̀ mọ́ oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Àjẹkù ni èyí tí ẹnìkan ti fọwọ́ rún nínú abọ́ rẹ̀, tó yó tán, tó sì fi sílẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù wà nínú ìkòkò, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án. A kì í gbé àjẹkù fún àlejò. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe iṣu tí a sè lálẹ́ tí a ò bù kan?

Sátidé tó kọjá, ohun tí mo bá ní ilé ìdáná ni iṣu sísè ege 7, ìdajì búrẹ́dì tó ti gan, ẹyin 3, àti ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ata tí kò lẹ́ran mọ́. Àwa 5 la máa jẹun. Iṣu tó bá sùn a máa le, kò ṣeé jẹ lásán, ẹni tó bá sì tún un sè á rí i pé omi ló máa fà. Dídín ló yẹ ẹ́. Mo gé e bí ìka ọwọ́, mo po ẹyin kan pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gígún, mo ń ki iṣu bọ inú ẹyin náà, mo ń dín in nínú òróró díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iná pọ̀ jù, ẹ má sì yí i títí ẹ̀gbẹ́ kan á fi pọ́n, kí ẹyin má baà ṣí kúrò lára rẹ̀. Tó bá jinná, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ró gbàù lẹ́nu, inú rẹ̀ á sì rọ̀.

Mo rẹ́ àlùbọ́sà kan sínú ọbẹ̀ náà, mo fi omi díẹ̀ ṣan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, torí ibẹ̀ ni adùn máa ń lẹ̀ mọ́. Nígbà tó hó, mo da ẹyin 2 tó kù sí i, mi ò rò ó títí tó fi dì díẹ̀. Ní ti búrẹ́dì, mo wọ́n omi sí i lára, mo tò ó sínú ìkòkò gbígbẹ, mo dé e, mo gbé e ka iná wẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ó rọ̀ padà bíi pé òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n yọ ọ́ nínú ààrò. Àlùbọ́sà nìkan ni mo fowó rà. A yó, ọmọ mi ọkùnrin sì béèrè bóyá ó ṣì kù.

Àwọn ìyá wa ò kóyán irú nǹkan báyìí kéré. Iṣu tí wọn ò fẹ́ kó jẹrà ni wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń sá, tó di èlùbọ́. Ẹni tó bá sì ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ rí mọ dòdò Ìkirè, èyí tó dúdú tó rí róbótó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ ni, èyí tí ẹlòmíràn á jù nù. Wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n dín in nínú epo pupa, ó sì di ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń dúró rà. Bí irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ rún un mọ́ ìyẹ̀fun díẹ̀, ata àti àlùbọ́sà, kí ẹ fi ṣíbí bù ú sínú òróró gbígbóná. Mósà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ni a ti ń se oúnjẹ ìyálẹ̀ta yìí. Bí aṣẹ́gità ò bá sá èèpo, á jẹrà mọ́lẹ̀. Ọdún kan, mo se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, oorun ń kùn mí, mo ní màá gbé e kaná láàárọ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti ń hó rúúrú láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń fà bí ilá. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Ó dùn mí títí ọjọ́ yẹn fi ṣú, torí owó ẹ̀wà náà kì í ṣe kékeré fún mi. Láti ìgbà náà, ọbẹ̀ tàbí ẹ̀wà ò sùn nílé mi láìjẹ́ pé ó hó dáadáa lálẹ́.

Ìrẹsì ní tirẹ̀ gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus, tí ojú wa ò lè rí. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú bí ìrẹsì bá hó. Bí ìrẹsì náà bá wá sùn sórí tábìlì nínú ooru, á hù, á pọ̀ sí i, á tu oró sínú rẹ̀, gbígbé kaná ò sì lè mú oró náà kúrò. Nítorí náà, ẹ tẹ́ ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá síná lọ́dọ̀ yín, ẹ bù ú fún aládùúgbò lálẹ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ fún mi pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Owó ti pa ọbẹ̀ yìí lánàá, kí ló dé tí a ó tún máa pa á lẹ́ẹ̀kejì?

Ẹ̀yin baba ilé, ọ̀rọ̀ kù síbẹ̀ fún yín. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń se ọ̀tun fún baba, tí ìyàwó àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń jẹ ti àná. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ó bá jẹ́ iṣu àná ni a máa jẹ, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jẹ ẹ́ lórí tábìlì kan náà, kí baba kọ́kọ́ bù ú. Ọmọ tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kò ní í fojú ìyà wò ó.

Àbíkẹ́yìn mi ló ń gbé ọbẹ̀ kaná lálẹ́ nílé wa báyìí. Ọmọ ọdún 11 ni. Ó máa ń dúró tì í títí á fi hó láàárín, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan, á pa iná, á sì lọ fọ ìpọnbẹ̀ kó tó lọ sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ki ìpọnbẹ̀ ìdọ̀tí bọ inú ọbẹ̀ ọ̀la.