Ẹ Jẹ́ Kó Ṣe Fíríídọ̀ọ̀mù Ná

Ìpinnu tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ nílùú Ogbómọ̀ṣọ́ kéde lọ́sẹ̀ tó kọjá kò yà wá lẹ́nu. Ó sú wa ni. Wọ́n ní kí ọkùnrin tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn máa lọ sílé, wọ́n sì fi gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní jẹ́sì, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e yíká láti Tákíè títí dé Sábó pẹ̀lú ìlù, ó parí. Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n máa ṣe irú rẹ̀. Nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, kò sí èyí tó lo sáà kan tán kí wọ́n tó lé e.

A ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Ẹni tó bá gbọ́ rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ ẹni tí à ń wí, a ò sì bá a jà. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwa náà wà lára àwọn tí ohùn wọn há nítorí rẹ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ la ní ọ̀rọ̀ bá sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún náà sì ni èyí tí a ti ń sọ láti ìgbà àkọ́kọ́: ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ ná, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíì fún sáà kan, kẹ́ ẹ tó kó ọmọ ọlọ́mọ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akọ̀ròyìn wa lọ sí pápá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun náà gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń gbá fírì kíìkì, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yí gba ẹ̀gbẹ́ orí àwọn ọmọ tó tò bí ògiri, ó wọ igun òkè àwọ̀n. Àwọn ọlọ́kadà tó ń wòran pàtẹ́wọ́. Ó wá yíjú sí ọmọ kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó ní, "Gbá a báyìí." Ọmọ náà gbá a, ó lọ sínú koríko. "Rárá. Wò mí." Òun fúnra rẹ̀ tún gbá a, ó tún wọlé. Ọmọ náà tún gbá a, inú koríko náà ló lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣe é. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ọkùnrin náà káwọ́ lérí, ó ní kí ló wá le níbẹ̀? Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ibi tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí sí nìyẹn.

A ti rí ẹni tí wọ́n lé lọ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ike omi tí wọ́n ti mu tán ló máa ń bu yanrìn sí, tó ń tò kalẹ̀ bí àmì, nítorí pé èyí tí ìgbìmọ̀ ṣèlérí pé àwọn máa rà kò dé títí tí wọ́n fi lé e. Lọ́jọ́ kan, a bá a níbi tó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, tó fọwọ́ di ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ kan mú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó ò fi gbá a yìí ló ń ba tìẹ jẹ́. Gbé e síbí. Má tíì gbá nǹkan kan. Gbé e kúrò. Gbé e padà." Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin yìí ò gbá bọ́ọ̀lù kọjá ti iléèwé girama. Tó bá gba Ọjà Igbó kọjá, kò sẹ́ni tó máa ní kí àwọn jọ ya fọ́tò.

A ò sọ pé ọ̀kan gbọ́n, èkejì gọ̀. Ohun tí ara ti mọ̀ tipẹ́, ẹnu kì í tètè rí i sọ. Ẹ bi ìyá àgbà pé iyọ̀ mélòó ló ń bù sí ọbẹ̀, á ní kó ṣáà ti tó. Òótọ́ ló sọ, ọbẹ̀ ẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò se ọbẹ̀ rí kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí Ọlọ́run fún lẹ́bùn, ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ló ti gbàgbé bí òun ṣe kọ́ ọ. Tó bá wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ní ni kó padà lọ wá ohun tó gbàgbé yẹn, kó tú u palẹ̀, kó wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́ fún ọmọ tí kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í rí ìyẹn kọ́ lójú pápá nígbà tí èrò ń hó. Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àti lábẹ́ ọ̀gá.

Àwíjàre ìgbìmọ̀ ni pé ẹni tó ti débẹ̀ rí ló mọ ọ̀nà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú Stephen Keshi, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa dárúkọ. Òun ni balógun Super Eagles, ikọ̀ àgbà Nàìjíríà, tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, òun náà ló kọ́ èyí tó gbà á ní 2013. Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohun tí wọn kì í rántí sọ ni ohun tó wà láàárín ọdún méjèèjì. Amẹ́ríkà ni Keshi lọ tó lọ kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó padà wálé, ó ṣe igbákejì fún Amodu Shaibu tó ń kọ́ Super Eagles nígbà náà. Ó lọ sí Tógò, ó gba àyè fún wọn nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, èyí tí wọn ò dé rí, wọ́n sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Málì. Nígbà tí Nàìjíríà máa fi pè é, ojú rẹ̀ ti rí tó. Ìdí nìyẹn tó fi lè wo líìgì abẹ́lé wa, tí gbogbo èèyàn ń fojú di, kó mú Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, kó mú Sunday Mba, kí Mba sì gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso wọlé ní àṣekágbá. Ẹni tó ń wá orúkọ kò ní rí Mba.

Emmanuel Amuneke ńkọ́? Òun ló gbá góòlù méjèèjì tí a fi borí Zambia ní àṣekágbá 1994. Síbẹ̀, igbákejì Manu Garba ló kọ́kọ́ jẹ́ nígbà tí Golden Eaglets, ikọ̀ Nàìjíríà ti àwọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, gba ife àgbáyé ní 2013. Ní 2015 tó di ọ̀gá, ó tún gbà á. Tanzania tí kò dé Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà láti 1980, òun ló gbé wọn débẹ̀ ní 2019. Zinedine Zidane náà, pẹ̀lú gbogbo òkìkí ẹ̀, jókòó ti Carlo Ancelotti bí igbákejì ní Real Madrid, ó lọ kọ́ ikọ̀ kékeré wọn, kí wọ́n tó fún un ní ńlá ní 2016. Champions League, ife tó ga jù fáwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù, mẹ́ta ló gbà léra wọn. Ní Valencia lórílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n mú Gary Neville, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbì kankan rí. Barcelona gbá góòlù méje sí i nínú láìjẹ́ kó dá ọ̀kan padà, oṣù mẹ́rin ò pé tí wọ́n fi ní kó máa lọ.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Adégbóyè Oníigbíndé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, olùkọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń kọrin nípa bọ́ọ̀lù tó gbá. Òun ló kó Green Eagles, bí wọ́n ṣe ń pe Super Eagles nígbà náà, dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, òun náà ló tún kó Super Eagles lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Kòríà àti Jàpáànù ní 2002. Ká ní ìgbìmọ̀ wa yìí ló fẹ́ gbà á síṣẹ́ ni, wọn ì bá bi í pé ọdún wo ló gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars.

Ogbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Oríkì wa ni, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Àfi bí ìgbìmọ̀ ṣe wá sọ ọ́ di òfin ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n ti gbé ọkà fún ọkùnrin yìí, ẹ̀kọ ò tíì dé, ẹ̀kọ́ gan-an ò sí nínú ètò.

Nílùú yìí kan náà, bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ aṣọ rírán, á kọ́kọ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Á ta bọ́tìnnì, á tú aṣọ tó rán wọ́, á jìyà díẹ̀, kí ọ̀gá tó gbàdúrà fún un, kí wọ́n tó se ìrẹsì fíríídọ̀ọ̀mù. Kò sí ìyá ìyàwó tó máa gbé léèsì ìgbéyàwó fún ẹni tí kò ṣe fíríídọ̀ọ̀mù pé kó gé e. Mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀, onígbàjámọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó lé ní ogún la wá kó fún ẹni tí kò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ò sì dí. CAF, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfíríkà, ní ìwé-ẹ̀rí onípele fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, láti D títí dé A àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. National Institute for Sports, tó ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó. Ẹni tí wọ́n lé lọ ní B. Ẹni tí wọ́n mú wá ò ní ìkankan, ìgbìmọ̀ fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé á máa kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn, nítorí wọ́n ti fi dá wa lóhùn rí: ìwé-ẹ̀rí kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, dé ààyè kan. Sunday Oliseh ní ìwé-ẹ̀rí tó ga jù ní Yúróòpù, ó sì jẹ́ balógun Eagles rí. Oṣù Keje 2015 ló gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, oṣù Kejì 2016 ló kọ̀wé fi í sílẹ̀. Finidi George gba líìgì Nàìjíríà pẹ̀lú Enyimba ní 2023, wọ́n fún un ní Super Eagles ní 2024. Ọ̀mì kan pẹ̀lú South Africa, ìjákulẹ̀ kan lọ́wọ́ Benin, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Oliseh sọ pé ó lé òun lọ: owó tí wọn ò san, àdéhùn tí wọn ò mú ṣẹ. Florence Omagbemi gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó tún gbà á ní 2016 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà. Níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ábújá ni àwọn ọmọbìnrin tó kọ́ ti lọ fẹ̀hónú hàn nítorí owó wọn. Tí a bá ń ka ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn tó gbà á síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Pósítà ni ìgbìmọ̀ yìí ń wá, wọn ò wá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Owó tí wọ́n fi háyà ọkọ̀, tí wọ́n fún onílù, tí wọ́n fi tẹ àwòrán gàgàrà tó wà ní oríta yẹn, ì bá rán èèyàn lọ kọ́ṣẹ́. Nínú àwòrán ọ̀hún, orí alága tóbi ju ti akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ. A fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tó bá di oṣù márùn-ún sí i, tí wọ́n bá na àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, alága yìí kan náà ló máa bọ́ sórí rédíò láti sọ pé àwọn ti sa gbogbo ipá àwọn. Wọ́n á yọ àwòrán. Ọkùnrin náà ni ojú máa tì, láàárín àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀kan ò yọjú sí pápá mọ́ rárá, kódà kó wá wòran.

Ohun tí a ń bèèrè kò le. Kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n lé padà sí ipò olórí. Kí tuntun náà ṣe igbákejì rẹ̀ títí sáà yìí á fi parí. Iṣẹ́ ńlá wà fún un níbẹ̀, nítorí ọmọ tó bá ń rí irú ẹsẹ̀ òsì yẹn lójoojúmọ́ á ní ìgboyà tí ike oníyanrìn kò lè fún un. Kí wọ́n sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, kó tó di pé wọ́n tún tẹ pósítà mìíràn. Kí wọ́n kọ àdéhùn àwọn méjèèjì sílẹ̀, iye owó oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n á máa san án, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á.

A kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, a bi í pé ọjọ́ wo ni ọkùnrin náà máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ta ló sì máa san owó rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ a pè é, ó ní òun wà nípàdé. A tún pè é lọ́jọ́ Ẹtì kí a tó gbé ìwé ìròyìn yìí lọ síbi ìtẹ̀wé. Ó ṣì wà nípàdé.