Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kì í ṣe ẹrú odò

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ò lè gbélé, àfi etí odò. Ẹni tó bá wá gbìn ín sílé a máa bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Omi yẹn gan-an ló ń pa á.

Kì í ṣe omi nìkan ló mú un fẹ́ràn etí odò. Ibòòji igi wà níbẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí ewé jíjẹrà kún, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbátan ata ilẹ̀ ni. Iṣu abẹ́ ilẹ̀ ló gbé e ró. Bí omi bá dúró lé iṣu yẹn lórí nínú ilẹ̀ amọ̀, á jẹrà. Èyí tó bá rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ gé e sọnù, kí ẹ gbin ìyókù síbi tó ga díẹ̀.

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ẹ gé iṣu tó gùn tó ìka ọwọ́, tó ní ojú 2 tàbí 3. Ẹ rì í sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ojú rẹ̀ kọ òkè, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 70 sáàárín ìdí kan àti èkejì. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, tí ògiri tàbí igi máńgòrò ń ṣíji bò lọ́sàn-án, ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán gangan á jó etí ewé rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù, ẹ má dà á sídìí rẹ̀ rárá, gbòǹgbò ló ń jó.

Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló ń fẹ́ àmójútó: bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ kan, lítà 5 fún ìdí kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó mọ bí omi ṣe ń wọ́n ní Kétu lẹ́ẹ̀rùn á mọ̀ pé ìyẹn ti tó.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń ṣìṣe jù. Bí ọyẹ́ bá dé, pàápàá ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn ju ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ, ewé á wọ́, ọ̀pá á gbẹ, onílé á ní ó ti kú, á hú u dànù. Kò kú o, iṣu ń sùn ni. Ẹ kó ewé gbígbẹ bò ó, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí òjò á fi rọ̀.

Òdòdó rẹ̀ funfun, ó ní àwọ̀ ìyeyè nínú, ọjọ́ kan péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹ má torí pé ọ̀kan rọ kí ẹ gé orí ọ̀pá náà. Òmíràn ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán ni kí ẹ gé ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń yọ nídìí rẹ̀ lè ráyè.