Ọmọ tó pe “zoo” ní “soo” mọ ìwé kà

Wọ́n ń pín in kiri láàárín àwọn òbí l'Ẹ̀pẹ́ pé ọmọ tó bá ka “zoo” bíi “soo” kò mọ ìwé kà. Irọ́ ni! Yorùbá kò ní ìró “z”. Ojú ọmọ rí lẹ́tà náà, ahọ́n ilé ló fi pè é. Ẹ bi í léèrè ohun tó wà ní “zoo”, ọgbà ẹranko. Tó bá ní kìnnìún àti ọ̀bọ, ó yé e, ẹ má yọ máàkì kankan. Kó ka “was” sí “saw”, àṣìṣe ìwé kíkà nìyẹn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fún un ní àyọkà Yorùbá kan, Gẹ̀ẹ́sì kan, ìbéèrè 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi Yorùbá dáhùn. Tó bá gba 5 nínú Yorùbá, 1 nínú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ló kù kó kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn ní kó tún kíláàsì ṣe.